Fífi RISC-V kún kọ̀ǹpáílà wa: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹKóòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan la jọ ń tọ́jú kọ̀ǹpáílà èdè kékeré kan. A ò gbé e ka orí LLVM (ètò kọ̀ǹpáílà tí ọ̀pọ̀ èdè jọ ń lò), àwa la kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ó máa ń sọ kóòdù di IR (àgbékalẹ̀ àárín) oníSSA, níbi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba iye lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni yóò tu asẹ́ńbílì jáde fún pírósẹ́sọ̀ x86-64 àti AArch64. Àwọn tó ń lò ó ti wá ń béèrè RISC-V, irú pírósẹ́sọ̀ mìíràn, ìyẹn ẹ̀dà oníbíìtì 64 rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RV64GC, tó ń gbé Linux.

Mo ti ka ìwé àwọn àṣẹ pírósẹ́sọ̀ náà, wọn ò pọ̀ rárá. Ohun tí mo ń rò ni kí n ṣe ẹ̀dà fáìlì AArch64 wa, kí n wá máa fi àṣẹ RISC-V rọ́pò àṣẹ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ṣé ọ̀nà nìyẹn? Kí ló yẹ kó ṣíwájú, kí ló lè dúró? Àbí kí a kúkú kó ẹrù wa lọ sórí LLVM?

Akin_VM

Ẹ kó lọ sórí LLVM, ẹ jọ̀ọ́. Láti LLVM 9, lọ́dún 2019, ni RISC-V ti kúrò ní ipò àdánwò níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ọdún gbọọrọ ṣe lẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti sọ IR yín di ti LLVM, RISC-V, LoongArch, PowerPC, gbogbo wọn á bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá_Asẹ́ńbílà

Akin, ọ̀rọ̀ rẹ ní láárí, àmọ́ kò rọrùn tó bí o ṣe sọ ọ́. LLVM tóbi, API rẹ̀ sì máa ń yí padà láti ẹ̀dà kan dé òmíràn. Kọ̀ǹpáílà kékeré tó ń parí iṣẹ́ kíá lè má yára mọ́ tí wọ́n bá gbé e lé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, LLVM kì í gba gbogbo ọ̀rọ̀ ABI (àdéhùn bí kóòdù ṣe ń pe kóòdù mìíràn) rò fún èèyàn. Bí wọ́n ṣe ń pín struct sínú rẹ́jísítà (àyè kékeré inú pírósẹ́sọ̀) nígbà tí wọ́n bá ń pe fọ́ńkíṣọ̀n, Clang, kọ̀ǹpáílà C tó wà lórí LLVM, ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ kí IR tó dé ọ̀dọ̀ LLVM. Ẹni tó ní èdè tirẹ̀ ṣì máa kọ apá yẹn fúnra rẹ̀. Kò sí bó ṣe máa yẹ ABI RISC-V sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀dà AArch64 yẹn ni mo fẹ́ kí o tún rò. AArch64 ní flags (àwọn bíìtì tó ń rántí èsì ìfiwéra), x86 náà ní. RISC-V kò ní rárá. Ìfiwéra àti fífò wà nínú àṣẹ kan ṣoṣo níbẹ̀: `blt a0, a1, L1`. Tí o bá fẹ́ kí èsì ìfiwéra wà nínú rẹ́jísítà, `slt` ló ń ṣe é, 0 tàbí 1 ló sì máa fi síbẹ̀. Tí èdè yín bá ń ṣọ́ ìgbà tí àròpọ̀ bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, kò sí bíìtì kankan tí yóò sọ fún yín. Fún nọ́ńbà tí kò ní àmì, `add t0, a0, a1`, lẹ́yìn náà `sltu t1, t0, a0`: tí t1 bá jẹ́ 1, ó ti kún. Tí IR yín bá pín ìfiwéra àti fífò sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó gbà pé flags ni yóò gbé èsì láti ọ̀kan dé èkejì, inú IR yẹn ni iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú fáìlì tuntun.

Bí èmi ṣe máa tò ó rèé. Fi yíyan àṣẹ sílẹ̀ ná. Mú ètò tí kò ṣe ju pé kó jáde pẹ̀lú 42, kọ ọ́ ní èdè yín, kí kọ̀ǹpáílà sì tu èyí jáde:

    li a0, 42
    li a7, 93
    ecall

93 ni nọ́ńbà `exit` lórí Linux RISC-V, inú a7 ló sì ń wà. Tí èyí bá ti gba asẹ́ńbílà àti línkà kọjá, tó ṣiṣẹ́, o ti mọ̀ pé orúkọ target, ọ̀nà àwọn fáìlì àti àwọn òǹtẹ̀ orí ELF, ìyẹn irú fáìlì ètò Linux, tọ̀nà (e_machine RISC-V ni 243, `readelf -h` á fi hàn ọ́). Ẹ̀yìn ìyẹn ni fọ́ńkíṣọ̀n tó ń pe fọ́ńkíṣọ̀n. Àdírẹ́sì ìpadà wà nínú `ra`, kì í lọ sórí sítáàkì fúnra rẹ̀ bíi ti x86. Fọ́ńkíṣọ̀n tó bá pe òmíràn láìkọ́kọ́ tọ́jú `ra` á máa padà sí ojú kan náà títí láé. Lẹ́yìn ìyẹn ni o máa kan a0 dé a7, ohun kẹsàn-án tó ń lọ sórí sítáàkì, àti sp (àdírẹ́sì orí sítáàkì) tó gbọ́dọ̀ ṣe é fi 16 pín nígbà gbogbo tí o bá ń pe nǹkan. Ohun tí ìwọ àti kóòdù ẹlòmíràn jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni kí o kọ́kọ́ parí. Àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ kò le.

Ìyá_Línkà

Mo fara mọ́ ètò Bàbá. Àmọ́ àwọn tó ti orí AArch64 wá, nǹkan méjì mìíràn ló sábà máa ń dà wọ́n láàmú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wọn dáadáa.

Èyí àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà bíìtì 32 nínú rẹ́jísítà bíìtì 64. Lórí x86-64 àti AArch64, tí ẹ bá kọ nǹkan sínú ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ́jísítà, ìdajì òkè á di òdo fúnra rẹ̀. RISC-V kì í ṣe bẹ́ẹ̀. `addw`, `subw`, `lw` àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń fi bíìtì àmì, ìyẹn bíìtì 31, kún gbogbo òkè. ABI sì ní kí u32 tí kò ní àmì pàápàá rí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ sí fọ́ńkíṣọ̀n. Nítorí náà, u32 tó jẹ́ 0x80000000 máa wà nínú rẹ́jísítà gẹ́gẹ́ bíi 0xFFFFFFFF80000000. Tí kọ̀ǹpáílà yín bá wá fi í ṣe index array láìfọwọ́ kan òkè rẹ̀, àdírẹ́sì tó máa jáde jìnnà pátápátá sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ nu òkè yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó lò ó: `slli` 32, lẹ́yìn náà `srli` 32. Pírósẹ́sọ̀ tó bá ní Zba (àfikún àṣẹ kan) ní `zext.w` fún un, ṣùgbọ́n Zba kò sí nínú RV64GC. Ìdánwò kéékèèké kì í rí àṣìṣe yìí, torí pé gbogbo nọ́ńbà tí kò tó 2,147,483,648 ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ kọ ìdánwò tó kọjá ibẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Èkejì: línkà RISC-V máa ń ké kóòdù kúrú. Asẹ́ńbílà á tu `auipc` àti `jalr` sílẹ̀ fún ìpè kan, línkà á wá sọ méjèèjì di `jal` kan ṣoṣo tí ibi tí à ń pè kò bá kọjá mẹ́gábáìtì kan síwájú tàbí sẹ́yìn. Tó bá ti yọ báìtì kúrò báyìí, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ á sún sókè. Tí kọ̀ǹpáílà yín bá ń ṣírò àlàfo tó wà láàárín lébẹ́ẹ̀lì méjì fúnra rẹ̀, tó sì ń kọ iye náà sínú jump table (àtòjọ ibi tí ètò lè fò sí) tàbí sínú DWARF (àkọsílẹ̀ tí gdb ń lò), iye yẹn lè má jóòótọ́ mọ́ lẹ́yìn línkà. Ẹ kọ ọ́ bíi `.word L2 - L1`, kí asẹ́ńbílà fi R_RISCV_ADD32 àti R_RISCV_SUB32 síbẹ̀, línkà á sì tún un ṣírò. Tẹ́ ẹ bá ń wá àṣìṣe lọ́wọ́, `.option norelax` á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ má sì rò pé báìtì 4 ni gbogbo àṣẹ. C tó wà ní ìparí RV64GC túmọ̀ sí pé àwọn kan jẹ́ báìtì 2.

ỌmọSítáàkì

Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà ńlá. Àyè bíìtì 12 ló wà nínú `addi`, láti -2048 dé 2047. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, `lui` á gbé bíìtì 20 òkè, `addi` á fi 12 ìsàlẹ̀ kún un. Àmọ́ 12 ìsàlẹ̀ yẹn ní àmì, torí náà tí bíìtì 11 bá jẹ́ 1, ẹ fi 1 kún ti òkè. Ẹ wo 0x12345FFF: `lui` rẹ̀ kì í ṣe 0x12345, 0x12346 ni, lẹ́yìn náà `addi` -1. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún fọ́ńkíṣọ̀n tí àyè rẹ̀ lórí sítáàkì ju báìtì 2047 lọ, `sp` kò ní lè dé òpin rẹ̀ nínú àṣẹ kan.

Bàbá_Asẹ́ńbílà

Ọmọ, ó kù díẹ̀. Lórí RV64, `addi` yẹn kò tó fún gbogbo nọ́ńbà. Ṣe ìṣirò rẹ pẹ̀lú 0x7FFFFFFF. Òkè rẹ̀ á di 0x80000. `lui` á fi àmì kún bíìtì 32 òkè, a ó wá ní 0xFFFFFFFF80000000. Tí o bá fi `addi` -1 lé e, 0xFFFFFFFF7FFFFFFF lo máa rí, kì í ṣe ohun tí o ń wá. `addiw` ló ń dá a padà sí 0x7FFFFFFF. Ẹ kúkú kọ `li`, kí asẹ́ńbílà yàn fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé asẹ́ńbílì lẹ ń tu jáde.

ỌmọSítáàkì

Mo ti rí i. Ẹ ṣeun, Bàbá.

Tọ́jú_Báìtì

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má tíì lo allocator rẹ́jísítà (apá tó ń pín iye sínú rẹ́jísítà) rárá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo iye máa gbé lórí sítáàkì. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan á kó ohun tó fẹ́ lò wá sínú t0 àti t1, á ṣiṣẹ́, á sì dá èsì padà. Kóòdù náà á lọ́ra, àmọ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ẹ máa mọ̀ pé àṣẹ tàbí ABI ni, kì í ṣe allocator.

Akin_VM

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Allocator yín ti ṣiṣẹ́ lórí pírósẹ́sọ̀ méjì, kì í ṣe òun ni ẹni tí ẹ máa fura sí. Àtòjọ rẹ́jísítà tuntun nìkan ló fẹ́: t0 dé t6 àti a0 dé a7 ni ẹni tí à ń pè lè bà jẹ́, s0 dé s11 ni ó gbọ́dọ̀ dá padà bó ṣe bá a. Ẹ yọ x0, sp, gp àti tp kúrò nínú ohun tó lè pín. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ láìsí allocator, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa dán backend (apá tó ń tu asẹ́ńbílì jáde) yìí wò.

Ìyá_Línkà

Ọ̀nà méjèèjì dáa, èmi máa ń gbà bíi ti Tọ́jú. Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀nà rẹ̀ ti léwu gan-an: àwọn atomic, ìyẹn ìṣe mẹ́mọ́rì tí tẹ́rẹ́ẹ̀dì mìíràn kò lè já sáàárín rẹ̀. `lr` (kíkà) àti `sc` (kíkọ tó lè kùnà) máa ń rìn pọ̀ nínú loop kan. RISC-V ṣèlérí pé loop bẹ́ẹ̀ á parí nígbẹ̀yìn, níwọ̀n ìgbà tí àṣẹ inú rẹ̀ kò bá ju 16 lọ, tí kò sì sí kíkà tàbí kíkọ mẹ́mọ́rì kankan láàárín `lr` àti `sc`. Tí gbogbo iye bá ń gbé lórí sítáàkì, kọ̀ǹpáílà yín á kó kíkà àti kíkọ sáàárín méjèèjì láìmọ̀. Lórí pírósẹ́sọ̀ kan ó lè ṣiṣẹ́, lórí òmíràn `sc` á máa kùnà títí. LLVM náà kì í tú irú loop yìí palẹ̀ fún RISC-V títí tí pípín rẹ́jísítà yóò fi parí. Ẹ jẹ́ kó wà bí àṣẹ kan ṣoṣo nínú IR títí di ìgbà yẹn. Fún àròpọ̀ lásán, `amoadd` wà, ẹ ò nílò loop.

Tọ́jú_Báìtì

Òótọ́ ni, mi ò tíì mẹ́nu kan ti atomic. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìdánwò, torí pé orí ẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ẹ ti ní ẹlẹ́rìí méjì nílé, x86-64 àti AArch64. Ètò kan náà, kọ̀ǹpáílà mẹ́ta, ẹ fi èsì wọn wéra. Ẹ kọ irinṣẹ́ kékeré tó ń ṣẹ̀dá ètò fúnra rẹ̀ láìdúró, bí Csmith ṣe ń ṣe fún C. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe kọ̀ǹpáílà ni ọ̀nà yẹn ti tú síta. Fún mímú un rìn, `qemu-riscv64`, tó ń ṣe bíi pírósẹ́sọ̀ RISC-V lórí ẹ̀rọ yín, tó, ẹ ò nílò ẹ̀rọ gidi ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí ètò bá kú, `-g 1234` á jẹ́ kí gdb wọ inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn pírósẹ́sọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo nǹkan, ibẹ̀ lẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí èdè yín fẹ́. Ẹ fi òdo pín nọ́ńbà: x86 á dá ètò dúró, AArch64 á dá 0 padà, RISC-V á dá -1 padà, ìyókù á sì jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ ń pín gan-an. Ẹ lọ wò ó bóyá àyẹ̀wò òdo tẹ́ ẹ ṣe fún AArch64 wà nínú IR, àbí inú fáìlì AArch64 nìkan ló wà. Ẹ sọ NaN (iye tí kì í ṣe nọ́ńbà) di odidi bíìtì 32 tó ní àmì: x86 á fún yín ní 0x80000000, AArch64 á fún yín ní 0, RISC-V á fún yín ní 2147483647. Tí optimizer yín bá ń ṣe ìṣirò wọ̀nyí nígbà tó ń kọ́ ètò, èsì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ètò kan náà á máa sọ ohun méjì.

Ohun kan tí QEMU kò ní fi hàn yín: tẹ́ ẹ bá ń lò ó lórí x86, ìlànà mẹ́mọ́rì x86 tó le ni kóòdù yín ń jàǹfààní rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìlànà RISC-V rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. `fence` (àṣẹ tó ń to kíkà àti kíkọ mẹ́mọ́rì tẹ̀léra) tẹ́ ẹ gbàgbé lè má fara hàn títí ètò onítẹ́rẹ́ẹ̀dì púpọ̀ yóò fi dé orí pírósẹ́sọ̀ gidi.

Alágbẹ̀dẹKóòdù

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. `exit` pẹ̀lú 42 ti ṣiṣẹ́, ìpè fọ́ńkíṣọ̀n náà ti ṣiṣẹ́, mo sì ti so ó pọ̀ mọ́ ibi ìkówèé C. Mo tẹ̀lé Akin lórí allocator, kò tíì bí wa ní ìbéèrè kankan.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí: tí ètò wa bá pe `printf`, odidi ń jáde bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n 3.5 kò jáde. Nígbà mìíràn 0.000000 ni, nígbà mìíràn nọ́ńbà tí n ò mọ ibi tó ti wá. Mo wo `objdump -d`: àdírẹ́sì ọ̀rọ̀ náà wà nínú a0, 3.5 sì wà nínú fa0 kí ìpè tó wáyé. Fọ́ńkíṣọ̀n tiwa tó ń gba double ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà pẹ̀lú fa0 yẹn.

Ìyá_Línkà

Inú fa0 yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. `printf` jẹ́ fọ́ńkíṣọ̀n tí ohun tó ń gbà kò ní iye pàtó. Lórí RISC-V, gbogbo ohun tó bá bọ́ sí apá `...` yẹn, rẹ́jísítà odidi ló ń gbà wọlé, double náà kò yọ sílẹ̀. a0 ti gba ọ̀rọ̀, a1 ni 3.5 gbọ́dọ̀ wà: `fmv.x.d a1, fa0`. Tẹ́ ẹ bá dá gdb dúró ṣáájú ìpè, 0x400C000000000000 ló yẹ kẹ́ ẹ rí nínú a1. Ohun tí `printf` ń tẹ̀ jáde báyìí ni ohunkóhun tó ṣẹ́ kù sínú a1 látẹ̀yìn wá, ìdí nìyẹn tó fi ń yí padà.

Ohun tó ní orúkọ nínú ìkéde fọ́ńkíṣọ̀n ṣì ń lọ sínú fa. Fún ìdí yìí, àṣẹ ìpè inú IR yín gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá fọ́ńkíṣọ̀n náà ní `...`, àti iye ohun tó ní orúkọ ṣáájú rẹ̀. AArch64 lórí Linux kò bèèrè èyí lọ́wọ́ yín, torí pé rẹ́jísítà kan náà ló ń lò fún méjèèjì. Lórí x86-64, ẹ á ti máa kọ iye rẹ́jísítà vector sínú `al`, torí náà ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ yẹn ti wà níbì kan nínú fáìlì x86 yín. Ẹ gbé e sókè sínú IR.

Akin_VM

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ ABI láìjiyàn: ẹ kọ C onílà mẹ́ta, ẹ fi `riscv64-linux-gnu-gcc -O1 -S` kọ́ ọ, kẹ́ ẹ ka ohun tó tu jáde. Ẹ dán struct tó ní double kan àti int kan wò. Ẹ máa rí i pé double lọ sínú fa0, int lọ sínú a0, wọn ò jọ wà lójú kan. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí C pe èdè yín, kí èdè yín pe C, fún oríṣiríṣi struct. Ìpè tó ń lọ nìkan kò tó, ẹ dán èyí tó ń bọ̀ wò.

Alágbẹ̀dẹKóòdù

3.5 ti jáde! Òótọ́ ni, fáìlì x86 wa ti mọ̀ nípa `...` tẹ́lẹ̀, IR ni kò mọ̀. Mo ti gbé e sókè.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Ìgbà wo la lè sọ fáwọn tó ń lò ó pé RISC-V ti ṣetán?

Bàbá_Asẹ́ńbílà

Má pè é ní ohun tó ti ṣetán ní ẹ̀dà àkọ́kọ́. Go 1.14, lọ́dún 2020, àdánwò ni wọ́n kọ sí RISC-V wọn. Rust ní ìpele mẹ́ta: ìpele kẹta kò ní ìlérí, ìkejì ń ṣèlérí pé yóò kọ́, àkọ́kọ́ nìkan ló ń ṣèlérí pé yóò ṣiṣẹ́. Mú irú èyí lò. Ohun tó sì ṣe pàtàkì sí mi jù ni ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Go máa ń fẹ́ kí èèyàn méjì ó kéré tán gba ìtọ́jú port tuntun, kí ẹ̀rọ kan sì máa dán an wò nígbà gbogbo. Tí ìwọ nìkan bá mọ fáìlì yìí, kò tíì ṣetán.

Ìyá_Línkà

Kẹ́ ẹ tó yọ orúkọ àdánwò kúrò, ẹ wo GC yín (ètò tó ń kó mẹ́mọ́rì tí a kò lò mọ́, kì í ṣe ti RV64GC), tí èdè náà bá ní in. Tó bá ń wá pointer nínú sítáàkì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da s0 dé s11 sórí sítáàkì, nítorí pé pointer kan ṣoṣo tó kù sí nǹkan lè wà nínú s7 nígbà tí ìkólẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn rẹ́jísítà AArch64 ni wọ́n máa ń kọ sínú asẹ́ńbílì ibẹ̀, kì í sì í ṣe inú fáìlì backend ló wà, inú runtime (kóòdù tó ń bá ètò rìn) ni. Ẹ wá gbogbo ibi tí runtime bá ti ní fáìlì `.s`, kẹ́ ẹ kọ ti RISC-V sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. `.eh_frame` náà wà níbẹ̀: tí `ra` àti `s0` kò bá sí nínú CFI (àkọsílẹ̀ ibi tí a tọ́jú rẹ́jísítà sí), gdb kò ní lè sọ ẹni tó pe fọ́ńkíṣọ̀n, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe tó kàn nínú òkùnkùn.